Ta Ló Sọ Ọ́, Inú Ìwé Wo Ló Wà? Àlàyé Lórí Àkọsílẹ̀ Àwọn Ìgbìmọ̀ Ilé Aṣòfin

Láti ìgbà tí ariwo òfin owó-orí tuntun ti gba ìgboro kan, kò sí ọjà tí ènìyàn yóò dé ní Abẹ́òkúta tí kò ní gbọ́ ẹni tó ń sọ pé "Ilé Aṣòfin ti fọwọ́ sí i." Láàárín àwọn aláàdìrẹ ní Ìtòkú, nínú gáréèjì ní Kútọ̀, lábẹ́ afárá ní Láfẹ́ńwá, ọ̀rọ̀ kan náà ni: ẹnì kan ní VAT, owó-orí tí wọ́n ń gbà lórí ọjà, ti di ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹlòmíràn ní irọ́ ni, wọ́n ti wọ́gi lé e, ẹnì kẹta sì fa fóònù yọ láti fi ìwé hàn wọ́n lórí WhatsApp. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé ìwé ẹnì kẹta yìí kì í ṣe ayédèrú. Ìwé tòótọ́ ni, ilé ìjọba ló sì ti jáde, àmọ́ èyí tí ó wà kí ìgbìmọ̀ kankan tó fọwọ́ kàn án ni.

Irú àríyànjiyàn báyìí kì í tán bí a kò bá mọ̀ pé ìwé tó ń jáde láti ilé aṣòfin pọ̀ ju ẹyọ kan lọ, àti pé ìbéèrè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dáhùn yàtọ̀ síra. Ohun tí àlàyé yìí fẹ́ ṣe ni láti fi ìwé wọ̀nyí hàn yín, pàápàá jù lọ èyí tó jẹ́ ti ìgbìmọ̀, àti bí ará ìlú lásán ṣe lè wá wọn rí.

Kí ni ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin, agbára wo ló ní?

Ọmọ ilé 109 ló wà ní Ilé Aṣòfin Àgbà ní Àbújà, 360 ló wà ní Ilé Aṣojú-ṣòfin, 26 sì ló ń ṣojú wa ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ògùn ní Òkè-Mosàn. Kò sí bí irú èrò bẹ́ẹ̀ ṣe lè jọ jókòó ti ìwé ńlá kan kí wọ́n máa yẹ ìlà rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tún máa pe ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ìjọba kan lẹ́yìn èkejì láti wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí ilé fi ń yan díẹ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀ sí ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó: ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ owó, ọ̀kan fún ètò ẹ̀kọ́, ọ̀kan fún ìlera, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan wà títí sáà ilé yóò fi parí. Àwọn mìíràn wà fún ọ̀ràn kan ṣoṣo, tí wọ́n bá ti jábọ̀ tán, iṣẹ́ wọn parí nìyẹn.

Ẹ wo bí ẹbí ṣe ń ṣe nígbà tí ìjà ààlà ilẹ̀ bá dé. Gbogbo ẹbí kì í kó ara wọn lọ sóko. Ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n ń rán, àwọn yẹn yóò fẹsẹ̀ tọ ààlà, wọn yóò bi àwọn tí wọ́n jọ pààlà léèrè ọ̀rọ̀, wọn yóò wo ìwé tó bá wà nílẹ̀, wọn yóò sì padà wá jábọ̀. Bí àwọn tí a rán bá tilẹ̀ ní kí a yọ̀ǹda ibì kan fún ẹnì kejì, ilẹ̀ kò tíì kúrò lọ́wọ́ ẹbí títí di ìgbà tí gbogbo ẹbí bá jókòó tí wọ́n sì fẹnu kò. Bí ìgbìmọ̀ ṣe rí gan-an nìyí. Abala 62 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, èyí tó sọ nípa ìgbìmọ̀ ní Àbújà, àti abala 103, tó sọ nípa ti ìpínlẹ̀, gbà pé kí ilé yan ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló là á mọ́lẹ̀ pé ilé kò gbọdọ̀ gbé agbára àtisọ àbádòfin, ìyẹn òfin tí wọ́n ṣì ń dá lábàá, di òfin lé ìgbìmọ̀ lọ́wọ́. Àbá nìkan ni ìgbìmọ̀ lè mú wá.

Agbára tó ní níbi ìwádìí kò kéré ṣá o. Abala 88 àti 89 fún ti Àbújà, abala 128 àti 129 fún ti ìpínlẹ̀, ló fún ilé tàbí ìgbìmọ̀ rẹ̀ láṣẹ láti pe ènìyàn, láti mú un búra, àti láti ní kí ó kó ìwé wá. Èyí ló fà á tí àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀ fi níye lórí fún wa: níwájú ìgbìmọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń sọ ohun tí wọn kì í sọ lórí rédíò.

Ìwé wo ń sọ kí ni?

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka apá yìí, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà.

Èkíní ni àbádòfin fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹni tó gbé e wá ń fẹ́ ló wà nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ Ààrẹ, gómìnà tàbí ọmọ ilé kan. Èkejì ni Order Paper, ìwé tí ó ń sọ iṣẹ́ tí ilé fẹ́ ṣe lọ́jọ́ kan. Kíkà tí ẹ bá ka nǹkan nínú rẹ̀ kò fi hàn pé ilé ṣe é. Wọ́n lè sún un síwájú kí ọjọ́ tó kanrí.

Ẹ̀kẹta ni Votes and Proceedings, tí mo máa pè ní ìwé ìpinnu. Ohun tí ilé ṣe gan-an ló ń sọ, láìka gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kí wọ́n tó ṣe é. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí i pé nọ́ńbà ni wọ́n fi ń tò ó: àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ìkéde Abẹnugan tàbí Ààrẹ ilé, ẹ̀bẹ̀ tí ará ìlú mú wá, àbọ̀ tí ìgbìmọ̀ gbé kalẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá máa mú abala àbádòfin lọ́kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ abala kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń kọ ìbéèrè tí a gbé síwájú ilé, pé ṣé kí abala náà dúró gẹ́gẹ́ bí ara àbádòfin, tí ìdáhùn rẹ̀ yóò sì tẹ̀ lé e: "Agreed to" bí ilé bá fara mọ́ ọn, "Negatived" bí wọ́n bá kọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ kúkúrú wọ̀nyí ni kí ojú yín máa wá, nítorí àwọn ló ń fi ibi tí ilé fàbọ̀ sí hàn.

Ẹ̀kẹrin ni Hansard, èyí tó ń kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ nígbà ìjókòó gbogbo ilé, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ ohun tí aṣojú yín sọ, tàbí pé kò sọ nǹkan kan.

Èyí tó kù ni ti ìgbìmọ̀ gan-an, òun ló sì nira jù láti rí. Ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan ní akọ̀wé tirẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé tí kì í ṣe olóṣèlú. Ọwọ́ akọ̀wé yìí ni àkọsílẹ̀ ìpàdé wà, ọwọ́ rẹ̀ náà ni ìwé èrò tí àwọn ẹgbẹ́, ilé-iṣẹ́ àti ará ìlú kó wá síbi àpérò ìta gbangba wà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ bá ṣiṣẹ́ tán, yóò kọ àbọ̀, yóò gbé e síwájú ilé. Àbọ̀ yìí ni mo kà sí ìwé tó wúlò jù nínú gbogbo wọn fún ẹni tó fẹ́ mọ ìdí ọ̀rọ̀, torí inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ àwọn tó wá, ohun tí wọ́n bá wá, ohun tí ìgbìmọ̀ rí, àti ìyípadà tí wọ́n ní kí ilé ṣe.

Ohun kan wà tó máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú níhìn-ín. Bí àbọ̀ bá dé iwájú ilé, gbogbo ọmọ ilé yóò sọ ara wọn di ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n lè yẹ abala wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní Committee of the Whole. Bí ẹ bá wá rí i nínú Hansard pé ilé wà "in Committee", ti gbogbo ilé yìí ni wọ́n ń wí; ìpàdé ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó tó wáyé nínú yàrá kékeré lọ́sẹ̀ mélòó kan ṣáájú kò sí níbẹ̀. Ẹ má torí pé ẹ kò rí i nínú Hansard kí ẹ gbà pé wọ́n fi pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ VAT dán an wò

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fi àbádòfin mẹ́rin lórí owó-orí ránṣẹ́ sí Àbújà. Nínú èyí tó tóbi jù níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé kí owó VAT kúrò ní ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó di 10 ní ọdún 2025, kí ó di 12.5 láti 2026 dé 2029, kí ó sì di 15 láti 2030. Ìwé yìí ni ẹnì kẹta tó fa fóònù yọ lẹ́ẹ̀kan mú dání. Kò parọ́, ọjọ́ ìwé rẹ̀ ló ti lọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àwọn gómìnà ṣèpàdé, wọ́n sì sọ pé àwọn kò fẹ́ kí wọ́n fi kún VAT. Ní oṣù kejì, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ owó ní ilé méjèèjì ṣe àpérò ìta gbangba. Ní oṣù kẹta, àbọ̀ ìgbìmọ̀ dé iwájú Ilé Aṣojú-ṣòfin, ó sì dá VAT padà sí 7.5; ilé fara mọ́ ọn, wọ́n sì ka àbádòfin náà lẹ́ẹ̀kẹta, èyí tó jẹ́ kíkà ìkẹyìn, ní ọjọ́ 18 oṣù náà. Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí tiwọn ní oṣù karùn-ún, Ààrẹ buwọ́ lù wọ́n ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà, òfin náà sì ní kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2026. Ẹni tó bá mú àbádòfin, àbọ̀ ìgbìmọ̀ àti ìwé ìpinnu jọ, ojú rẹ̀ yóò rí ibi tí 15 ti wá àti ibi tó gbà lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2025, ọmọ Ilé Aṣojú-ṣòfin kan dìde nínú ilé, ó ní òfin tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú Gazette, ìwé tí ìjọba fi ń kéde òfin, kò bá èyí tí ilé fọwọ́ sí mu. Ohun tó fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ó gbé ìwé ìpinnu ilé méjèèjì ka iwájú, ó sì fi wé ohun tí wọ́n tẹ̀. Ilé yan ìgbìmọ̀ sí i, àwọn olórí ilé aṣòfin sì pàṣẹ pé kí wọ́n tún òfin náà tẹ̀. Lójú tèmi, kò tíì sí ọ̀ràn tó fi ìwúlò ìwé ìpinnu hàn bí èyí láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ìwé tí kò sí ẹni tó ń kà ló di ẹ̀rí.

Báwo ni a ṣe ń wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ojúlé ilé aṣòfin àpapọ̀ ni nass.gov.ng. Àbádòfin, Order Paper, ìwé ìpinnu àti Hansard wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò pé. Àjọ aládàáni kan tó ń jẹ́ PLAC, tó wà ní Àbújà, náà ní ojúlé kan tó ń jẹ́ Bills Track, níbi tí wọ́n ti ń tọ ipasẹ̀ àbádòfin láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ kà á.

Orúkọ olóṣèlú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń tẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wá nǹkan, ìròyìn lásán ló sì máa ń gbé wá. Nọ́ńbà àbádòfin ni kí ẹ fi wá a. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú HB jẹ́ ti Ilé Aṣojú-ṣòfin, SB jẹ́ ti Ilé Aṣòfin Àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, torí nọ́ńbà yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí sáà tuntun bá wọlé. Nọ́ńbà kan náà lè jẹ́ ti àbádòfin méjì tí kò bára tan rárá. Ilé kẹwàá ló wọlé ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nítorí náà ẹ máa kọ sáà mọ́ nọ́ńbà. Nọ́ńbà abala náà máa ń yí: bí ìgbìmọ̀ bá yọ abala kan kúrò, gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò sún, nítorí náà ẹ ṣọ́ra kí ẹ má baà máa fi abala kan wé òmíràn.

Bí ẹ kò bá mọ nọ́ńbà, ọjọ́ ni kí ẹ wá. Ẹ wo inú ìwé ìròyìn láti mọ ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ gbé àbọ̀ kalẹ̀, kí ẹ wá lọ ṣí ìwé ìpinnu ọjọ́ náà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ àwọn ìwé wọ̀nyí, nítorí náà "owó-orí" kò lè gbé nǹkan kan jáde níbẹ̀. Ohun mìíràn ni pé fọ́tò ìwé ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n kàn gbé bébà sórí ẹ̀rọ tí ó ya àwòrán rẹ̀ ni. Bí ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ní kò sí, ẹ fi ojú yín wò ó kí ẹ tó gbà.

Àwọn tí ọmọ wọn wà lókè òkun lè bi wọ́n léèrè bí ti ibẹ̀ ṣe rí. Ní London àti ní Ottawa, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń gbé ohun tí wọ́n sọ níwájú ìgbìmọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àfi èyí tí wọ́n bá ṣe ní ìkọ̀kọ̀. Àwa kò tíì dé ibẹ̀.

Bí kò bá sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

Ní ìpínlẹ̀, bó ṣe máa ń rí nìyẹn ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Lẹ́tà ni kí ẹ kọ. Òfin tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí FOI, ni Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní oṣù karùn-ún ọdún 2011. Ilé aṣòfin wà lára àwọn tí òfin náà dárúkọ, ó sì dárúkọ ìgbìmọ̀ pẹ̀lú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìpínlẹ̀ kan fi ń sọ pé òfin yìí kò kan àwọn, títí tí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi dájọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé ó kan gbogbo ìpínlẹ̀.

Akọ̀wé Ilé ni kí ẹ kọ ọ́ sí, ní Òkè-Mosàn. Ẹ má kọ ọ́ pé "gbogbo ìwé lórí ètò ẹ̀kọ́", torí ìdáhùn tí kò nítumọ̀ ni yóò fún yín. Ẹ kọ orúkọ ìgbìmọ̀, àkọlé àbádòfin tàbí ọ̀ràn tí wọ́n ń wádìí, ọjọ́ ìpàdé, àti irú ìwé tí ẹ ń fẹ́: àbọ̀ ni, àbí àkọsílẹ̀ ìpàdé, àbí ìwé èrò ilé-iṣẹ́ kan. Ẹ mú ẹ̀dà méjì dání, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ mọ́ èyí tí yóò wà lọ́wọ́ yín, nítorí ọjọ́ yẹn ni wọn yóò ti máa ka ọjọ́ méje tí òfin fún wọn. Wọ́n lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí ìwé náà bá pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún yín. Owó ẹ̀dà àti ti àdàkọ tó bá pọn dandan nìkan ni wọ́n lè gbà. Kò pọn dandan kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ìwé náà ṣe, bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ béèrè ní ẹnu ọ̀nà. Ìyá ọlọ́jà tí kò mọ̀wé lè rán ọmọ rẹ̀, ó sì lè fi ẹnu sọ ọ́ kí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá a kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti fi pamọ́, bí ọ̀rọ̀ ara ẹni àwọn ènìyàn, àṣírí òwò, tàbí ìwádìí ọ̀daràn tó ń lọ lọ́wọ́. Bí irú èyí bá wà nínú ìwé tí ẹ béèrè, òfin ní kí wọ́n yọ apá yẹn, kí wọ́n sì fún yín ní ìyókù. Bí wọ́n bá kọ̀ tàbí tí wọ́n dákẹ́, ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́, ilé-iṣẹ́ tí ilé-ẹjọ́ bá sì rí i pé ó fi ẹ̀tọ́ du ènìyàn lè san owó ìtanràn ₦500,000.

Bí ẹ bá bi mí ní ìwé tí mo fẹ́ kí ará Ògùn kọ́kọ́ béèrè, ti ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé ìnáwó ìjọba wò ni n ó sọ. Abala 125 nínú Ìwé Òfin ní kí àgbà ayẹ̀wéwò owó ìpínlẹ̀ gbé àbọ̀ rẹ̀ síwájú Ilé Aṣòfin láàárín 90 ọjọ́ tí ìṣirò owó bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, kí ilé sì gbé e fún ìgbìmọ̀ yìí. Ilé-ìwé tí wọ́n ní àwọn kọ́ tí kò sí ní ojú ilẹ̀, ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ yẹn ló yẹ kí ìbéèrè rẹ̀ ti wáyé.

Kí ni ẹ lè fi í ṣe, kí ni kò ṣeé fi ṣe?

Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ níwájú ìgbìmọ̀, ọ̀rọ̀ ẹni náà ni, kódà bí ó bá búra. Àbá inú àbọ̀, ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ ni. Ìgbà tí ìwé ìpinnu bá gbà á ló tó di ọ̀rọ̀ ilé. Síbẹ̀, ìpinnu ilé pé kí ìjọba ṣe nǹkan kan kì í ṣe òfin. Ìmọ̀ràn ni nínú ọ̀pọ̀ ọ̀ràn, ìjọba sì lè máà tẹ̀ lé e. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò ní ìdájí pé "ìgbìmọ̀ ti pàṣẹ" pé kí wọ́n dá owó kan padà, ẹ dúró de ìwé ìpinnu kí ẹ tó lọ bá ènìyàn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ fa ọ̀rọ̀ yọ láti inú ìwé wọ̀nyí, ẹ kọ orúkọ ìwé, ọjọ́, àti ojú-ìwé mọ́ ọn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá máa dé ilé-ẹjọ́, ẹ̀dà tí Akọ̀wé Ilé fọwọ́ sí ni kí ẹ gbà, nítorí èyí tí ẹ tẹ̀ jáde láti inú fóònù kò tó.

Báwo ni ọ̀rọ̀ tiyín ṣe lè wọ inú àkọsílẹ̀?

Kí àpérò ìta gbangba tó wáyé ni ìgbìmọ̀ ti ń kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn tàbí lórí rédíò, pẹ̀lú ọjọ́, ibi tí yóò ti wáyé, àti ọjọ́ tí wọn yóò gba ìwé èrò mọ. Ẹgbẹ́ aláàdìrẹ lè kọ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ òbí ilé-ìwé kan tàbí ẹnì kan ṣoṣo. Kì í ṣe dandan kí ó gùn. Ẹ dárúkọ abala tí ẹ ń sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹ sọ ohun tí yóò ṣe fún iṣẹ́ yín, kí ẹ sì kọ gbólóhùn tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ jáde ní kíkún, torí ìyẹn ló rọrùn jù fún akọ̀wé ìgbìmọ̀ láti gbé sínú àbọ̀. Fífi ẹnu sọ̀rọ̀ níbi àpérò dára, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ń fún ènìyàn, ohun tí ẹ bá sì kọ ni yóò kù lọ́wọ́ wọn. Ẹ gba òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín. Bí àbọ̀ bá wá jáde, ẹ ṣí ibi tí wọ́n to orúkọ àwọn tó mú ìwé wá sí, kí ẹ wò ó bóyá orúkọ ẹgbẹ́ yín wà níbẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ mú ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn lọ bá akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà kí ilé tó mú àbọ̀ náà yẹ̀ wò.